Ìyàwó mi ní kòkòrò HIV, èmi kò ní: ṣé a lè bí ọmọ kejì?

Ọkọ Adùkẹ́, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ ní gbangba. Ìgbà tí ìyàwó mi lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún nítorí oyún àkọ́bí wa ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n sì sọ fún un pé kòkòrò apa sójà ara wà nínú rẹ̀. Wọ́n pe èmi náà, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èsì kan náà ni. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lo oògùn lójoojúmọ́. Ọmọ wa kò ní kòkòrò náà, ara ìyàwó mi sì le dáadáa.

Ní báyìí a fẹ́ bí ọmọ kejì. Nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú ìyàwó mi sọ pé níwọ̀n ìgbà tí àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń fi hàn léraléra pé wọn kò rí i mọ́, a lè pa kọ́ńdọ̀mù tì, kò ní ràn mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ̀ nínú ẹbí mi, sọ pé irọ́ ni. Ó ní bí a kò bá rí ejò nínú koríko, ìyẹn kò ní kí ejò má wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mi kìíní ni pé, ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ìkejì ni ó ń jẹ mí lọ́kàn jù: níbo ni ìyàwó mi ti kó o, nígbà tí èmi kò ní i? Ó búra pé òun kò mọ ọkùnrin mìíràn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Mo gbà á gbọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, ọkàn mi a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ìdílé. Ọlọ́run yóò bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì náà sọ. Oògùn lè tán ní ilé ìwòsàn, ìyàwó yín lè rin ìrìn-àjò kí ó gbàgbé rẹ̀ sílé, ẹ̀yin kò sì ní mọ ọjọ́ tí kòkòrò náà tún gbérí. Ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù yín. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ, ẹ ka ọjọ́ tí ẹyin obìnrin máa ń jáde, kí ẹ fi kọ́ńdọ̀mù sílẹ̀ ní ìwọ̀nba ọjọ́ wọ̀nyẹn nìkan. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn tí mo mọ̀, wọ́n sì bímọ.

Aláyẹ̀wò-Ẹ̀jẹ̀, Òṣogbo:

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ejò tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, nítorí pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kòkòrò náà kò kúrò lára ìyàwó yín. Ó fara pamọ́ sínú àwọn sójà ara kan tí wọn kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, oògùn kò sì lè pa á níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dá oògùn náà dúró. Ṣùgbọ́n èyí tí ó fara pamọ́ kọ́ ni ó ń ran ẹlòmíràn. Èyí tí ó ń ràn ni èyí tí ó ń bí sí i, tí ó ń ṣàn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú omi ara obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin. Ìbísí yẹn gan-an ni oògùn ń dá dúró.

Nígbà tí ẹ bá gba ìwé èsì, ẹ fojú ara yín wò ó. Níbi tí wọ́n ń kọ iye kòkòrò sí, ẹ ó rí nọ́ńbà kan, tàbí lẹ́tà mẹ́ta TND, tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò rí kòkòrò kankan, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ pé ó dín sí 20 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí ó bá ti dín sí 200, tí ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kì í ràn nípa ìbálòpọ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ yín, nítorí pé èsì máa ń pẹ́ ní ibòmíràn, ìwé tí ẹ sì rò pé ó jẹ́ ti oṣù yìí lè máa sọ ìtàn oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, kò sí àyẹ̀wò kankan ní ilé ìwòsàn wa tí ó lè sọ ọdún tí kòkòrò wọ ara ènìyàn. Ẹlòmíràn lè gbé e fún bí ọdún mẹ́wàá kí àìsàn tó fara hàn. Ìyàwó yín lè ti ní i kí ó tó mọ̀ yín rárá, kí ó sì má mọ̀. Pé ẹ̀yin kò ní i kò sì fi hàn pé tuntun ni tirẹ̀. Àjọ CDC, tí ó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé nínú ìgbà 10,000 tí ọkùnrin tí kò ní i bá bá obìnrin tí ó ní i lòpọ̀ láìsí oògùn àti láìsí kọ́ńdọ̀mù, bí ìgbà mẹ́rin ni ó máa ń ran ọkùnrin. Èmi kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ wewu o, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ìgbà kìíní ni tirẹ̀ yóò jẹ́. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí a fi ń rí ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, tí ọ̀kan ní i tí èkejì kò ní i. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan lágbára ju ti èkejì lọ, kò sì kan AA, AS tàbí irú ẹ̀jẹ̀ O.

Nọ́ọ̀sì Àyìnkẹ́, Lọ́ńdọ̀nù:

Ìmọ̀ràn Ìyá Ìbejì kì í ṣe ìmọ̀ràn burúkú. Òun ni àwa náà ń gba àwọn ènìyàn nígbà kan. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti kọjá ibẹ̀. Ní ọdún 2011 ni èsì ìwádìí HPTN 052 jáde, èyí tí wọ́n fi tọkọtaya 1,763 ṣe, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Áfíríkà, láti Botswana, Kẹ́ńyà, Màláwì, Gúúsù Áfíríkà àti Zimbabwe, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ara òyìnbó nìkan ni wọ́n fi dán an wò. Láàárín àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, ríràn sí ọkọ tàbí ìyàwó fi ìdá 96 nínú 100 dín kù, ìwọ̀nba tí ó sì ràn jẹ́ ìgbà tí oògùn kò tíì ká kòkòrò lápá kò.

Ní ọdún 2016 ni ti PARTNER tún jáde níhìn-ín ní Yúróòpù. Wọ́n tẹ̀ lé tọkọtaya 888 tí wọn kò lo kọ́ńdọ̀mù, tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní i sì dín sí 200. Wọ́n ṣe é tó ìgbà 58,000, kò ràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ó jẹ́ kí èmi fọkàn tán ìwádìí náà ni pé ènìyàn 11 nínú àwọn tí kò ní i kó kòkòrò náà nígbà ìwádìí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìran kòkòrò tí ó wà lára wọn wé ti ẹnìkejì wọn, kò bára mu rárá. Ìta ni wọ́n ti kó o. Wọn kò fi í pamọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo ayé kà á.

Àfikún kan: oògùn ìyàwó yín kò dènà àtọ̀sí àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù.

Akíntọ́lá Oníṣẹ́gùn:

Kí ló dé tí ẹ ń fi oògùn òyìnbó pa ara yín títí láé? Àgbo kan wà tí ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ pátápátá. Obìnrin kan lò ó fún oṣù mẹ́ta, ó lọ ṣe àyẹ̀wò, wọn kò rí kòkòrò kankan. Kí bàbá náà kàn sí mi.

Aláyẹ̀wò-Ẹ̀jẹ̀, Òṣogbo:

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má kàn sí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá obìnrin náà dá oògùn ilé ìwòsàn dúró kí ó tó mu àgbo. Ẹni tí ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí ó sì fi àgbo kún un, wọn kò ní rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn ni ó ṣe iṣẹ́, àgbo ni ó gba ìyìn. Bí ènìyàn bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kòkòrò náà máa ń padà wá sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ilé tí ọ̀kan kò ní i, ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ó ń ran ẹnìkejì.

Àbẹ̀ní, Ọ̀yọ́:

Èmi ni mo ní i, ọkọ mi kò ní i. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ara ọkọ ni gbogbo yín ń dáàbò bò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọkọ Adùkẹ́, ṣé ẹ ti bi ìyàwó yín léèrè ohun tí òun fẹ́? Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ sọ pé kí a pa kọ́ńdọ̀mù tì, èmi ni mo kọ̀. Mo mọ ohun tí ìwé àyẹ̀wò mi sọ, mo sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé kí n má lọ kó bá ẹni tí kò kọ̀ mí sílẹ̀ kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ó gbà mí ní àkókò gígùn. Wọn kì í kọ irú ẹ̀rù báyìí sínú ìwé èsì.

Ní ti ibi tí ó ti kó o, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn sùn. Mo mọ bí ó ti ń rí kí ọkọ máa wo ni láìsọ̀rọ̀. Ìyàwó yín lè má mọ̀ ọ́n títí ayé, bí èmi náà kò ṣe mọ tèmi. Bí ẹ bá ń fi ojú bi í léèrè lójoojúmọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn pamọ́ fún yín, ẹni tí ó bá sì ń fi oògùn pamọ́ yóò fo ọjọ́ tí kò rí àyè lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ike oògùn wa máa ń dún bí a bá gbé e. Nígbà tí a ń gbé ilé àwọn àna mi, mo já bébà ara ike náà, mo sì fi òwú dí inú rẹ̀ kí hóró oògùn má baà máa lu ara wọn nínú báàgì mi. Àwọn kan ń dà á sínú ọ̀rá. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àpò kékeré tí wọ́n ní kí a má jẹ, èyí tí ó wà nínú ike náà, òun ni ó ń fa ọ̀rinrin kúrò lára oògùn. Nígbà tí ọkọ mi mọ̀ pé mò ń dí ike ni ó gbé e kúrò nínú báàgì, tí ó gbé e sórí tábìlì yàrá wa. Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, òun gan-an ni ó ń bu omi fún mi.

Ọkọ Adùkẹ́, Ìbàdàn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fi ọ̀rọ̀ Àǹtí Àbẹ̀ní han ìyàwó mi, ó sì sunkún. Bí wọ́n ti wí gan-an ni: ẹ̀rù ń bà á ju bí ó ti ń bà mí lọ. Mo ti sọ fún un pé n kò ní béèrè ibi tí ó ti wá mọ́, mo sì pinnu láti dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí èmi náà máa lo oògùn ìdènà tí wọ́n ń pè ní PrEP títí oyún yóò fi dúró. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi sì ń halẹ̀ pé bí a bá lóyún, òun yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa.

Àkànní, Abẹ́òkúta:

Mo lo oògùn náà nígbà tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Hóró kan ni lójúmọ́. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò láti rí i dájú pé èmi fúnra mi kò ní HIV, wọ́n yẹ kíndìnrín mi wò, wọ́n sì wo àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B. Ó yí mi nínú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ. Tọkọtaya 4,747 ní Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ni wọ́n fi dán an wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2012: oògùn tí wọ́n pa méjì pọ̀ sínú hóró kan fi ìdá 75 nínú 100 dín ewu kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ní kòkòrò náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn nígbà náà. Èmi gbà yín níyànjú pé kí ẹ lò ó. Bí ó bá jẹ́ ohun tí yóò mú ọkàn ìyàwó yín balẹ̀ nìyẹn, ó ti tó ìdí.

Nọ́ọ̀sì Àyìnkẹ́, Lọ́ńdọ̀nù:

Ibi tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n Àkànní ti yàtọ̀ nìyí. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó ní i ń bẹ̀rẹ̀ oògùn ni PrEP wúlò jù fún irú tọkọtaya báyìí, kí kòkòrò tó lọ sílẹ̀. Ti ìyàwó Ọkọ Adùkẹ́ ti lọ sílẹ̀ tipẹ́. Kò sí ewu tí PrEP fẹ́ dín kù nínú ìyẹn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró tí wọ́n sì dá apá kan padà, PEPFAR, ètò ìrànwọ́ wọn lórí HIV, fi PrEP mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aboyún àti abiyamọ, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ní kílíńìkì bóyá ó wà fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kí wọ́n má lò ó. Oògùn náà kò léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá dára, ìpinnu sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Agbẹjọ́rò Adéṣewà, Ìkẹjà:

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín: ní ọdún 2014 ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe òfin tí ó lòdì sí ṣíṣe ojúsàájú sí ẹni tí ó ní HIV tàbí éèdì. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò HIV ṣe dandan kí ó tó gba ènìyàn síṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìlera kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí ẹni tí ó ń tọ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lé ìyàwó yín níṣẹ́ nítorí èyí, ẹ ní ibi dúró sí. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn, ẹbí yóò dàrú kí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni kí ẹ fi yanjú rẹ̀.

Àkànní, Abẹ́òkúta:

Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín lọ sí kílíńìkì, bí ìyàwó yín bá gbà. Ohun tí mo ṣe fún bàbá mi nìyẹn. Mo ti bá wọn sọ ọ́ títí, wọn kò gbọ́. Ọmọ ni mo jẹ́ lójú wọn. Dókítà jókòó tì wọ́n, ó fi ìwé èsì ìyàwó mi hàn wọ́n, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn, títí kan ti abọ́ oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn kò lè bi èmi. Ìyàwó yín ni ó ni àṣírí náà o. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ni í, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín kọ́ ni ó ni í. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo ti ka àlàyé yín, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹ kò tíì dáhùn ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Bí oògùn bá tán ńkọ́? Gbogbo wa ni a gbọ́ ariwo tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Aláyẹ̀wò-Ẹ̀jẹ̀, Òṣogbo:

Ìbéèrè gidi ni, Ìyá. Ní oṣù kejì ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra oògùn fún ìtọ́jú HIV, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ní láti múra sílẹ̀. Ẹni tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ lè gba oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Kí ìyàwó yín béèrè rẹ̀, kí ó sì padà lọ nígbà tí oògùn bá ṣì ṣẹ́kù dáadáa, kì í ṣe ọjọ́ tí ike bá ṣófo. Bí ó bá fo oògùn fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ padà sí kọ́ńdọ̀mù, kí ó máa lo oògùn lọ, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò ṣe. Bí ẹ bá ti bá ara yín lòpọ̀ ní irú àkókò yẹn, oògùn pàjáwìrì wà fún ẹ̀yin tí ẹ kò ní i: ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 ni ẹ ó sì fi lò ó. Kí ẹ̀yin fúnra yín má sì ṣíwọ́ àyẹ̀wò yín lọ́dọọdún.

Agbẹ̀bí Mojísọ́lá, Ìwó:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ. Dolutegravir wà nínú oògùn tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Àwọn kan ṣì ń sọ pé kò dára fún aboyún, nítorí ìkìlọ̀ kan tí ó jáde ní ọdún 2018 láti Botswana nípa ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Nígbà tí wọ́n ka ìbí púpọ̀ sí i, ìbẹ̀rù náà lọ sílẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sì fọwọ́ sí i fún gbogbo ènìyàn ní 2019. Kí ó má dá a dúró nígbà tí ó bá lóyún.

Ohun tí ó ń ṣèdíwọ́ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aboyún, èyí tí ó ní irin nínú, àti ti egungun tí ó ní kálísíọ̀mù. Bí ó bá lò wọ́n pọ̀ láìjẹun, dolutegravir kò ní wọ ara dáadáa. Kí ó lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn, tàbí kí ó lò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ oògùn inú tí ó ń ta ni, oúnjẹ kò yanjú ìyẹn. Kí ó fi irú wákàtí wọ̀nyẹn sáàárín wọn.

Mo sì fẹ́ ṣàtúnṣe kan, nítorí pé mo rí i pé àwọn kan lè ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Àyìnkẹ́ kí wọ́n rò pé ó kan ọmú pẹ̀lú. Ìbálòpọ̀ ni a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ràn rárá. Ní ti ọmú, bí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ìyá bá lọ sílẹ̀, ewu rẹ̀ kéré gan-an, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò sí. Nítorí náà, ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Oògùn olómi nevirapine fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fò ni ti ìgbẹ̀yìn, nítorí pé ọmọ ti ń sáré kiri nígbà náà: oṣù kejìdínlógún ni, tàbí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ó bá já lẹ́nu ọmú, èyíkéyìí tí ó bá gbẹ̀yìn. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá ti bí i.